Ṣé O Mọ Ohun Tó Ń Jẹ Egungun Ìdí Eyín?

Ṣé o mọ̀ pé eyín tó ń mì lẹ́nu àgbàlagbà lè má ní ihò kankan? Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó dì í mú ló ti ń jẹ lọ lábẹ́ èrìgì. Ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó ní Èkìtì, bíi ti ibi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ gbà pé ogbó ló ń yọ eyín. Ogbó nìkan kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe kòkòrò ẹnu fúnra rẹ̀ ló ń jẹ egungun yẹn jù? Bí èérí bá pẹ́ létí èrìgì, kòkòrò á pọ̀ níbẹ̀, ara á sì rán sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá wọn jà. Ìjà yìí ló ń mú kí èrìgì wú, kó pọ́n, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí ìjà ò bá tán, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara á máa tú èròjà kan tó ń jẹ́ RANKL jáde. RANKL ló ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń yọ́ egungun gbígbó kí tuntun lè rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á wá máa yọ́ egungun ju èyí tí ara lè mọ padà lọ, bí ọdẹ tó ń lé olè tó wá wó ògiri onílé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Láti 1970, Harald Löe àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọkùnrin 480 tó ń ṣiṣẹ́ lóko tíì ní Sri Lanka fún ọdún 15. Àwọn èèyàn yìí kì í fọ ẹnu. Èérí kún eyín gbogbo wọn, síbẹ̀ nínú 100, egungun àwọn 8 bàjẹ́ kíákíá, ti àwọn 81 ń lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn 11 kò sì ní ju èrìgì wíwú lọ. Ara kálukú ló yàtọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀dọ́ náà ò bọ́? Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní JP2, tó wà ní Morocco àti Gánà, ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun gan-an. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé ewu egungun jíjẹ fi nǹkan bí ìlọ́po 18 pọ̀ sí i fáwọn ọ̀dọ́ Morocco tó ní in.

Orín wa ńkọ́? Láti 1971 làwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀ ti kọ ọ́ pé omi orín ń dá kòkòrò dúró. Àmọ́ orín ò lè ha èérí tó ti le bí òkúta.

Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì rẹ jáde, má ṣe fo ibẹ̀ sílẹ̀, fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Èrìgì tó wú lè san bí ẹnu bá mọ́. Egungun tó ti lọ kì í dá padà fúnra rẹ̀. Tètè lọ sí ẹ̀ka eyín ní Ọsibítù Ìkọ́ni Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, bí o bá sì ní àtọ̀gbẹ, sọ fún dókítà, torí àtọ̀gbẹ máa ń mú kí ìjà yìí le sí i.