Kẹ̀kẹ́ inú ilé: bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ara ṣiṣẹ́ tó

Ẹni tó ń gbé ní agbègbè Upper Sakponba, ní ìlú Benin, lè yan kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí kì í kúrò lójú kan dípò títì tí ọkọ̀ kún. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ara òun ṣiṣẹ́ tó?

Ọ̀nà kan ni kí ó fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́, kí ó ka bí ọkàn ṣe ń lù. Bí a bá yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220, a ó rí ìwọ̀n tí ọkàn lè lù dé ní ìṣẹ́jú kan, ní ìfojúbù. Ti ẹni ọdún 40 jẹ́ 180. Iṣẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì rẹ̀ wà láàrin 115 sí 137.

Àmọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí atenolol máa ń dín lílù ọkàn kù, nítorí náà iye yìí lè tan ẹni tó ń lò ó jẹ. Fún irú wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni òṣùwọ̀n: bí ènìyàn bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, iṣẹ́ náà mọ níwọ̀n.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí àgbàlagbà ṣe irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ìwé kékeré tó fún àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí àyà bá ń dunni tàbí òòyì bá ń kọ́ni, kí a dáwọ́ dúró, kí a sì rí dókítà.