Ṣé lóòótọ́ ni ègé milk tart kan ní kálórì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan? Bí ẹ ṣe lè ka nọ́ńbà ara páálí

Ẹ ra milk tart nílé ìtajà kan ní Johannesburg, ẹ yí páálí rẹ̀ padà, ẹ sì rí nọ́ńbà bíi 979 lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Energy". Bó bá jẹ́ pé kálórì ni ojú yín ti mọ́ láti ilé, ẹ̀rù lè bà yín. Ó rọrùn láti ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí pé, "Ẹ wo ohun tó wà nínú ègé kan ṣoṣo!"

Ẹ dúró ná. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe kálórì, kì í sì í ṣe ti ègé kan.

Fún ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́ rí, milk tart ni píì oníwàrà tí àwọn tó ń sọ èdè Afrikaans ń pè ní melktert. Wàrà, ẹyin, ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á wá wọ́n cinnamon lílọ̀ sójú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ní South Africa débi pé wọ́n ń ṣe àyájọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì.

Kí ni kJ?

Lábẹ́ òfin R146 ti ọdún 2010, tó dá lórí ohun tí wọ́n ń kọ sára oúnjẹ ní South Africa, kilojoule ni wọ́n fi ń ka agbára tí oúnjẹ ń fún ara. kJ ni wọ́n máa ń kọ. Kálórì kan tí à ń sọ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń kọ ní kcal, jẹ́ 4.184 kJ. Nítorí náà, ẹ fi 4.2 pín nọ́ńbà tí ẹ bá rí. 979 kJ yẹn kò ju nǹkan bíi 234 kálórì lọ.

Ti ègé wo ni?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kà nìyí. Ẹ jẹ́ ká ṣe àpẹẹrẹ (nọ́ńbà ti èyí tí ẹ bá rà lè yàtọ̀). Ká ní 100 g milk tart ní ọ̀rá 9 g, protein 5 g, "glycaemic carbohydrate" 33 g, tí 16 g nínú rẹ̀ jẹ́ ṣúgà. Odindi píì náà wúwo tó 720 g, páálí sì sọ pé èèyàn 12 ló wà fún. Ègé kan á jẹ́ 60 g. Àmọ́ ta ló ń gé píì sí 12 nílé wa? Bí ẹ bá gé e sí mẹ́fà, ègé kọ̀ọ̀kan di 120 g: 281 kálórì, carbohydrate tó tó 40 g, àti ṣúgà 19 g, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣíbí tíì márùn-ún.

Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń ka carbohydrate kó tó gún abẹ́rẹ́ insulin, àṣìkà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó bá ka ti 60 g, tó wá jẹ 120 g, ti fi ìdajì dín ìṣirò rẹ̀ kù. Ìlà carbohydrate ni kó wò, kì í ṣe ìlà ṣúgà nìkan, torí ìyẹ̀fun náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. "No added sugar" tí wọ́n bá kọ síwájú páálí kò yọ ìyẹ̀fun kúrò.

Lódì kejì, kì í ṣe gbogbo ṣúgà 16 g yẹn ni wọ́n bù sí i. Wàrà ní ṣúgà tirẹ̀, kò sì sí lára èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ká dín kù. Ṣúgà àfikún ni wọ́n ní kó má kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ òòjọ́, ìyẹn nǹkan bíi 50 g fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa fọ́tò páálí tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ ṣírò rẹ̀. Gíráàmù kan protein tàbí carbohydrate jẹ́ 17 kJ, ti ọ̀rá jẹ́ 37 kJ. Nínú àpẹẹrẹ wa: 561, 85 àti 333, àpapọ̀ rẹ̀ 979. Bí àròpọ̀ bá jìnnà gan-an sí ohun tí wọ́n kọ, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fọwọ́ kan fọ́tò náà, tàbí kó ti pe kJ ní kálórì.

Cinnamon ńkọ́?

Bí ẹ bá rí i níbì kan pé cinnamon ojú milk tart ń wo àtọ̀gbẹ, ẹ má pín in. American Diabetes Association kò fọwọ́ sí cinnamon gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú àtọ̀gbẹ, torí kò sí ẹ̀rí tó dájú. Ìwọ̀nba tí wọ́n wọ́n sójú píì kò sì lè pa ipa carbohydrate 40 g rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì.

Èyí tí kò ní páálí

Milk tart tí wọ́n sè nílé kì í ní àkọlé kankan. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi sè é. Ọ̀pọ̀ ló ń lo agolo condensed milk, èyí tó jẹ́ 385 g ní South Africa, ó sì lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ ṣúgà. Bí ẹ bá gé píì náà sí mẹ́jọ, ṣúgà inú agolo yẹn nìkan yóò tó 24 g lórí ègé kọ̀ọ̀kan, ká tó ka bisikíìtì tí wọ́n fọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.