Bí Oyún Bá Dé Lẹ́nu Ẹ̀kọ́ ní Prince George's County

Láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Lanham, Bowie àti Hyattsville, bí ọmọbìnrin ọdún 16 bá lóyún, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí òbí lọ́kàn ni pé ìwé ti parí nìyẹn. Àwọn mìíràn á ti máa wá owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ lè tètè lọ bá màmá àgbà nílé kí ayé tó gbọ́. Ẹ dákun, ẹ ṣe sùúrù. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò lè lé ọmọ nítorí oyún, kò sì lè fi tipátipá gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Title IX, òfin ìjọba àpapọ̀ tó wà láti 1972, ló gbé ẹ̀tọ́ yìí ró.

Òfin tí Maryland, ìpínlẹ̀ wa, ṣe ní 2017 ló wá la ọ̀rọ̀ náà yékéyéké. Ká ní ọmọ wà ní kíláàsì 11, ó sì bímọ ní oṣù Kejì. Ọjọ́ tó lọ rí dókítà, ọjọ́ ìrọbí, àti àsìkò tí ara rẹ̀ fi ń kọ́fẹ, wọn ò gbọdọ̀ kà á sí pé ó sá nílé ìwé. Lẹ́yìn ìbímọ, ó kéré tán, ọjọ́ 10 ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda fún un. Bí bàbá ọmọ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, òun náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ó sì yẹ kí àwọn òbí ọmọkùnrin gbọ́ èyí dáadáa. Bí ara ìkókó bá gbóná lóru, tí ilé ìtọ́jú ọmọ ní kí wọ́n má gbé e wá, ìyá lè dúró tì í. Ọjọ́ 4 lọ́dún ni ilé-ẹ̀kọ́ kò ní béèrè ìwé dókítà. Nígbà tó bá padà, òfin Maryland tún fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí yàrá kan, tí kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, níbi tó ti lè fún omi ọyàn sínú ìgò, kí fíríìjì sì wà nítòsí.

Iṣẹ́ tó ti kọjá lórí rẹ̀ ńkọ́? Ó kéré tán, iye ọjọ́ tí kò fi wá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láti fi ṣe é. Ó lè tún sáà náà kọ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 6 sí i, ó sì lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti íntánẹ́ẹ̀tì ló yá jù láti fi kó kírẹ́díìtì 21 tí díplómà Maryland ń béèrè jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí: ọmọ tó dá parí ìṣirò níwájú kọ̀ǹpútà lóru, tí ìkókó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lè gba kírẹ́díìtì láìgba ìmọ̀. Bí dókítà bá ní kò lè jáde, ẹ béèrè ètò ìkọ́ni nílé.

Bíbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ètò yìí dúró lé. Ara ọmọ ọdún 16 lè bímọ, ṣùgbọ́n apá ọpọlọ tó ń gbèrò ọjọ́ iwájú ṣì ń dàgbà títí di nǹkan bí ọdún 25. Bí ojú bá sì ti tì í, kò ní dá wọ ọ́fíìsì agbani-nímọ̀ràn lọ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àgbà ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fojú kéré: ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọbìnrin tó bímọ kí wọ́n tó pé 20 ló ń gba díplómà kí wọ́n tó pé ọdún 22. Nínú àwọn tí kò bí, nǹkan bí 90 nínú 100 ni.

Ọjọ́ tí a bá rí ibi ni ibi ń wọlẹ̀: ẹ mú ìwé dókítà lọ kí ikùn tó yọ, kí ẹ sì gba àdéhùn ilé-ẹ̀kọ́ ní kíkọ sílẹ̀. Òfin 2017 yìí kò de ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni o. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bá sì fi ẹ̀tọ́ Title IX du ọmọ, ẹ fẹjọ́ sun Office for Civil Rights ti ìjọba àpapọ̀ láàárín ọjọ́ 180.