Ibà Ọkọ̀: Wíwá Ìdí Àìsàn Iná Tí Ń Lọ Tí Ń Bọ̀ Nínú Píkọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí a bá fi ara balẹ̀ tú èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó wà ní ọkàn gbogbo àgbẹ̀ tí ó fi owó ìkórè ra píkọ́ọ̀pù àlòkù láti máa fi kó ẹrù oko lọ sí ọjà. Àìsàn kan wà tí í máa ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó jọ ibà nínú ara ènìyàn. Ní òwúrọ̀ ara aláìsàn yá, ó jẹun, ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, òtútù mú un, ó sì ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ yìí rí. Lónìí ó jí bí a ti yí kọ́kọ́rọ́. Lọ́la ó dákẹ́ bí òkúta. Iná iwájú rẹ̀ ń tàn dáradára nínú àgbàlá, ṣùgbọ́n ó kú nígbà tí táyà bọ́ sí kòtò. Nígbà tí a bá sì gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, ara rẹ̀ a le koko, oníṣẹ́ kò sì ní rí àrùn kankan.

Àwọn ará Mile 2, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní ìpínlẹ̀ Èkó, mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Níbẹ̀ ni títì ńlá tí ó lọ sí Àgbádárìgì ti pàdé èyí tí ó ti Àpápá lọ sí Òṣòdì. Èbúté Tin Can Island, tí a ṣí ní ọdún 1977, kò jìnnà sí i, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn ará òkè òkun ti lò ti ń sọ̀kalẹ̀. Ọdún 1977 yìí kan náà ni a ṣe àjọ̀dún ńlá ti àwọn ènìyàn dúdú, tí a kọ́ ìlú Festac nítorí rẹ̀. Ní òde òní, Berger Yard ni a ti ń ta ọkọ̀, ọjà ASPAMDA nínú ọgbà Trade Fair ni a sì ti ń ta ẹ̀yà ara wọn. Tòkunbọ̀ ni a ń pe àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wá sílé. Ṣùgbọ́n ọmọ a máa ní ẹnu láti fi sọ ibi tí ó ń dùn ún. Ọkọ̀ kò ní.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wo àìsàn yìí. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ̀fọ́ kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ó bá kú pẹ̀lú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ní òru ni ó kú láàárín títì, tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò tàn, tí àwọn ọkọ̀ agbépo ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti owó, ó ti di ti ẹ̀mí.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni pé kí olówó ọkọ̀ máa ra oògùn kí ó tó mọ àrùn. Ọkọ̀ kọ̀ láti jí, ó ra bátìrì titun. Ọ̀sẹ̀ kejì ó tún kọ̀, ó ra kíìkì sítátà. Oṣù kejì, ó pààrọ̀ alternator tí ń fi iná kún bátìrì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àrùn náà ṣì wà níbi tí ó wà, nínú ìdè wáyà kan tí ó ti dípẹtà, èyí tí búrọ́ọ̀ṣì lásán ìbá ti mú láradá.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1827, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Jámánì, Georg Simon Ohm, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé bí iná tí ń gba ojú ọ̀nà kan bá ti pọ̀ tó, àti bí ìdínà ọ̀nà náà bá ti tó, ni agbára tí yóò sọnù níbẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí a fi afárá onígi kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnìkan lè gba orí rẹ̀ kọjá láìsí ewu. Ṣùgbọ́n bí gbogbo èrò ọjà bá fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, wàhálà dé. Bẹ́ẹ̀ ni ìdè wáyà tí ó ti dípẹtà. Bí ìdínà rẹ̀ bá jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ti òṣùwọ̀n tí a fi orúkọ Ohm pè, gílóòbù kékeré tí kò gba ju ìdajì áńpù lọ yóò tàn dáradára, nítorí pé ohun tí ó sọnù kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fóòtì lọ. Ṣùgbọ́n kíìkì sítátà lè gba 150 áńpù. Nígbà náà fóòtì 3 yóò sọnù nínú fóòtì 12, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lè yí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi gílóòbù lásán dán wáyà wò, tí ó sì wí pé, “Iná wà,” kò tíì mọ ohunkóhun. Ìgbà tí ẹrù bá wà lórí afárá ni a ń mọ̀ bí ó ti lágbára tó.

Ìdí tí àìsàn náà fi ń lọ tí ó sì ń bọ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ooru a máa mú kí irin gbòòrò, ìdè tí kò le a sì tú. Òtútù a dá a padà. Kòtò a gbọn wáyà tí ó ti já tán nínú awọ rẹ̀. Òjò a wọ inú ibi tí wáyà ti so pọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ikán ti ń jẹ inú òpó tí ìta rẹ̀ ṣì ń dán, bẹ́ẹ̀ ni ìdípẹtà aláwọ̀ ewé ń jẹ bàbà inú wáyà tí awọ rẹ̀ kò yípadà.

Èyí ni ọ̀nà tí ó yẹ láti gbà wá a.

Èkíní, kí a ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀. Nígbàkúùgbà tí àìsàn bá dé, kí a kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Bóyá òjò ń rọ̀ tàbí oòrùn ń ràn. Bóyá ẹ́ńjìnnì gbóná tàbí ó tutù. Bóyá ọ̀nà dára tàbí ó kún fún kòtò. Àti àwọn iná tí ó ń tàn. Bí a bá ti kọ ọ́ ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọ̀rọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Èyí tí ó ń bá òjò rìn, omi ni kí a wá. Èyí tí ó ń bá kòtò rìn, wáyà tí kò dúró ṣinṣin ni. Èyí tí ó ń dé lẹ́yìn ìrìn gígùn nínú ooru, kí a fura sí rílé tàbí ẹ̀yà mìíràn tí ó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì. Èyí tí ó jẹ́ òwúrọ̀ nìkan, ó ṣeé ṣe kí ohun kan máa mu bátìrì ní òru.

Èkejì, kí a fi mítà wọn bátìrì. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, bátìrì tí ó kún yóò fi nǹkan bí fóòtì 12.6 hàn, 12.2 jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kí ó wà láàárín 13.7 sí 14.7. Bí ó bá dúró sí 12, alternator tàbí wáyà rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a yẹ orí bátìrì àti wáyà áàtì wò, èyíinì ni wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ara ẹ́ńjìnnì. Níbi tí a ti kun ọ̀dà tàbí tí ìpẹtà wà, iná kò lè kọjá dáradára. Kí a fi jíà sí òfo, kí a fa bíréèkì ọwọ́. Kí a gbé ẹnu mítà kan lé orí òdì bátìrì, kí a gbé èkejì lé irin ìhòòhò ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá fi ju ìdajì fóòtì lọ hàn, ibẹ̀ ni àrùn wà. Kí a tú u, kí a fọ̀ ọ́ mọ́ títí irin yóò fi dán, kí a sì dè é le. Orí òdì ni a kọ́kọ́ ń tú, òun náà ni a sì ń dè kẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin, kí ènìyàn méjì ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí a tan iná tí ń kú náà. Kí ẹnìkan máa wò ó, kí èkejì máa mi wáyà díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó dúró pẹ́ níbi tí wáyà ti ń tẹ̀: ní ìdè ilẹ̀kùn, lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, àti lábẹ́ ibi tí a ń kó ẹrù sí, níbi tí ẹrẹ̀ àti òkúta ti ń lu wáyà iná ẹ̀yìn. Kí ó wo ojú eyín eku pẹ̀lú. Ibi tí iná bá ti ṣẹ́jú, kí ó dúró níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí a bá fura sí rílé kan, kí a fi irú rẹ̀ kan náà tí ó wà nínú àpótí pààrọ̀ ààyè pẹ̀lú rẹ̀. Bí àìsàn bá tẹ̀lé rílé lọ sí ààyè titun, a ti mú olè náà láìná kọ́bọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé bátìrì ń gbẹ ní òru, kí a pe ríwáyà tí ó ní mítà áńpù. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti sùn tán, ohun tí ń jáde kò yẹ kí ó ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún áńpù lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, kí ó máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi lọ sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ pàtàkì kan wà nípa fíúsì. Pupa jẹ́ 10 áńpù, búlúù jẹ́ 15, yẹ́lò jẹ́ 20. Ẹni tí ó bá fi ti 30 rọ́pò ti 10, tàbí tí ó fi wáyà lásán dí i, ti lé olùṣọ́ kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Wáyà ni yóò máa jó dípò fíúsì, epo bẹntiróòlù kò sì jìnnà sí i. Bákan náà, kí a má ṣe mu sìgá nítòsí bátìrì, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀ a máa gbiná.

Fún ẹni tí kò tíì rà, kí ó ká ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ sókè kí ó tó san owó. Kí ó wo ẹrẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ àga àti ìpẹtà lára bóòtù rẹ̀. Nígbà ìjì Katrina ní ọdún 2005 àti ìjì Sandy ní ọdún 2012, omi bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tí omi iyọ̀ bá ti bò lè dán lójú, ṣùgbọ́n inú wáyà rẹ̀ ti ń jẹrà.

Dókítà rere a máa wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kí ó tó fún un ní oògùn ibà. Kí olówó ọkọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: kí ó bèèrè, kí ó kọ sílẹ̀, kí ó wọ̀n, kí ó mi wáyà wò, lẹ́yìn náà ni kí ó tó lọ sí ọjà. Ẹni tí ó bá rí ìdí àrùn kó tó náwó, òun ni ẹrù rẹ̀ yóò dé ọjà ní tútù, tí òun náà yóò sì padà sílé ní àlàáfíà.