Àyànfẹ́ Ọlọ́run: Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Ni Tàbí Iṣẹ́?

Bí èèyàn bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pe àwọn Júù ní àyànfẹ́, ìdáhùn tó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé Ọlọ́run fẹ́ràn wọn ju àwa yòókù lọ. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀, kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn rábì ti ń jiyàn lé e lórí: ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ni yíyàn yìí wà, àbí iṣẹ́ kan ni tí wọ́n gbà láti ṣe? Àwọn méjì tó la ọ̀nà méjèèjì gbangba ni Judah Halevi àti Moses Maimonides. Sípéènì ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, oníṣègùn ni wọ́n, wọ́n sì gbọ́ èdè Lárúbáwá débi pé wọ́n fi kọ ìwé. Ọmọdé ni Maimonides nígbà tí Halevi kú ní 1141.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbà. Ní nǹkan bí ọdún 1140 ni Halevi, tó tún jẹ́ akéwì ńlá, parí ìwé tí a mọ̀ sí Kuzari. Nínú rẹ̀, ọba àwọn Khazar lá àlá pé èrò ọkàn òun dára lójú Ọlọ́run, àmọ́ ìṣe òun kò dára. Ọba bá onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ̀rọ̀, ó bá Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, kó tó wá kan rábì. Rábì to ẹ̀dá sílẹ̀ fún un ní ìpele-ìpele: òkúta wà nísàlẹ̀, ewéko lé e, ẹranko lé ewéko, èèyàn lé ẹranko, àwọn tí Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ sì wà lókè èèyàn lásán. Ádámù ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn yìí. Ọwọ́ ẹnì kan ló ń wà ní ìran kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Jákọ́bù. Nígbà tó kan àwọn ọmọ Jákọ́bù, gbogbo wọn ló jogún rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí já sí le díẹ̀. Àlejò tó bá gba ẹ̀sìn Júù yóò sún mọ́ Ọlọ́run, yóò sì pín nínú ire wọn, ṣùgbọ́n lójú Halevi kò ní bá ọmọ bíbí dọ́gba, kò sì ní di wòlíì.

Ká má tètè pè é ní agbéraga. Nígbà ayé rẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ń já ilẹ̀ Sípéènì gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àwọn Júù sì wà láàrin, tọ̀tún tòsì ń fojú tín-ínrín wọn. Àkọlé ìwé náà ní èdè Lárúbáwá sọ ọ́ kedere pé Halevi kọ ọ́ láti gbèjà ẹ̀sìn tí wọ́n ń tẹ́ńbẹ́lú. Ó ní bí ọkàn ṣe rí láàrin ẹ̀yà ara ni Ísírẹ́lì rí láàrin àwọn orílẹ̀-èdè: ọkàn ló ń dá ṣáṣá jù, òun náà sì ni àìsàn ń bá jà jù. Ẹni tó sọ báyìí mọ̀ pé ìyà wà nínú yíyàn.

Ní ti Maimonides, Córdoba ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1138. Inúnibíni àwọn Almohad, àwọn alákòóso Mùsùlùmí, lé ẹbí rẹ̀ kúrò níbẹ̀, Fustat lẹ́bàá Káírò ló wá fi ṣe ilé títí tó fi kú ní 1204. Ó to ìlànà ìgbàgbọ́ mẹ́tàlá fún àwọn Júù: pé Ọlọ́run wà, pé ọ̀kan ṣoṣo ni, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Tórà ti wá, pé òkú yóò jíǹde, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kà á látòkè délẹ̀, o ò ní rí i níbẹ̀ pé Ọlọ́run yan Ísírẹ́lì.

Bó ṣe sọ ìtàn Ábúráhámù nínú ìwé òfin rẹ̀, Mishneh Torah, tún fi ibi tó dúró sí hàn. Àárín àwọn abọ̀rìṣà ni ọmọ náà dàgbà sí. Kò ní olùkọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń rò ó tọ̀sán-tòru pé ta ló ń yí òfuurufú. Ó pé ẹni ogójì ọdún kó tó mọ Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ó wá ń ti ìlú dé ìlú, ó ń kọ́ àwọn èèyàn, títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fi rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó kọ́ wọ̀nyí ni Maimonides pè ní ará ilé Ábúráhámù.

Lẹ́tà tí Maimonides kọ sí Obadiah ló mú kí ìyàtọ̀ òun àti Halevi hàn jù lọ. Ọkùnrin yìí wá gba ẹ̀sìn Júù ni. Nínú àdúrà, Júù a máa pe Ọlọ́run ní Ọlọ́run àwọn bàbá rẹ̀, a sì máa dúpẹ́ pé ó yan àwọn, ó sì mú àwọn kúrò ní Íjíbítì. Obadiah fẹ́ mọ̀ bóyá òun, tí bàbá òun kì í ṣe Júù, lè fi ẹnu ara òun sọ bẹ́ẹ̀. Maimonides ní kó sọ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ti Íjíbítì nìkan ló yọ̀ǹda pé, bó bá wù ú, ó lè yí padà. Ó ní bàbá gbogbo ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ Ábúráhámù ni Ábúráhámù, àti pé kí Obadiah má fojú kéré ìran ara rẹ̀: bí ti àwọn yòókù bá dé ọ̀dọ̀ Ábúráhámù, tirẹ̀ kan Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀.

Èwo ló wá wúwo jù? Ìwé Diutarónómì sọ pé kì í ṣe pípọ̀ Ísírẹ́lì ló jẹ́ kí Ọlọ́run yàn wọ́n, nítorí wọ́n kéré jù. Wòlíì Ámósì ní nítorí pé Ọlọ́run mọ̀ wọ́n ni yóò ṣe bẹ̀ wọ́n wò fún ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Àwọn rábì ka òfin 613 sí Júù lọ́rùn, méje péré ni wọ́n kà sí àwọn ọmọ Nóà yòókù lọ́rùn, síbẹ̀ wọ́n gbà pé olódodo tí kì í ṣe Júù ní ìpín ní ayé tó ń bọ̀. Ìtàn àwọn rábì kan sọ pé Ọlọ́run fi Tórà lọ orílẹ̀-èdè gbogbo: àwọn ọmọ Ísọ̀ kọ̀ ọ́ nítorí ó ní kí wọ́n má pààyàn, àwọn ọmọ Íṣímáẹ́lì kọ̀ ọ́ nítorí ó ní kí wọ́n má jalè. Rúùtù ará Móábù, tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ló di ìyá ńlá fún bàbá Dáfídì ọba. Gbogbo èyí gbè sẹ́yìn Maimonides.

Ṣùgbọ́n Halevi náà ní ẹ̀rí. Támúdù, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn rábì, sọ pé bí Júù tilẹ̀ dẹ́ṣẹ̀, Júù náà ni. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ nìkan ni, kí ló dé tí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò kúrò nínú ẹgbẹ́? Maimonides ló ṣàlàyé bí àlejò ṣe ń wọlé, àmọ́ Halevi ló ṣàlàyé ìdí tí ọmọ ilé kò fi lè jáde.

Àwọn kan ti ní ká kúkú da òṣùwọ̀n náà nù. Ní Amẹ́ríkà, rábì Mordecai Kaplan yọ ọ̀rọ̀ yíyàn kúrò nínú ìwé àdúrà tó gbé jáde ní 1945. Nínú ọpẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó ka Tórà, ó fi ìdúpẹ́ pé Ọlọ́run fà wọ́n mọ́ iṣẹ́ ìsìn rẹ̀ rọ́pò ìdúpẹ́ pé ó yàn wọ́n. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ àwọn rábì kan péjọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní New York, wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́, wọ́n sì dáná sun ìwé náà. Ìbẹ̀rù Kaplan ní ìdí, nítorí ẹni tó bá gbà pé ẹ̀jẹ̀ òun ga kò jìnnà sí ẹni tó ń fojú tẹ́ ọmọ ẹlòmíràn. Àmọ́ ohun tó fi rọ́pò yíyàn náà gan-an ni Maimonides ti ń wí.

Ní tèmi, ti Maimonides ló wúwo jù. Ẹ̀jẹ̀ lè mú èèyàn wà nínú ilé, kò lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ìjọ tó ń pe ara rẹ̀ ní àyànfẹ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n yàn wọ́n fún, ká sì wò ó bóyá wọ́n ń ṣe é.