Bí Kurúùsì Mọ́tò Yín Bá Dákẹ́, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Iná Ẹ̀yìn

Púpọ̀ nínú wa ló ń fi mọ́tò tòkúnbọ̀ ná ọjà báyìí, a sì mọ ẹ̀rọ tí àwọn awakọ̀ ń pè ní kurúùsì. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì lára sítíárì, mọ́tò yóò di eré tó ń sá mú, ẹ ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ralph Teetor, afọ́jú kan ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́dún 1950. Ní 1958 ni Chrysler kọ́kọ́ fi sínú mọ́tò títà.

Láìpẹ́ yìí, kurúùsì mọ́tò tí a fi ń kó ọjà dákẹ́ lójijì lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ lọ bá ní ọpọlọ mọ́tò ló kú, àfi ká ra òmíràn. Owó tó dá lé wa, àfi kí èèyàn lọ yáwó. Ọ̀kan nínú wa ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ rìwáyà ná.”

Rìwáyà ò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí awakọ̀ wa tẹ búréèkì, òun sì lọ dúró lẹ́yìn mọ́tò. Iná pupa kankan ò tàn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, kì í ṣe kurúùsì nìkan ló kú o. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ò mọ ìgbà tí ẹ ń dúró!” Ara wa bù máṣọ.

Súwíìṣì kékeré kan wà lókè ẹsẹ̀ búréèkì. Òun ló ń tan iná ẹ̀yìn, òun náà ló ń sọ fún kurúùsì pé kó tú eré sílẹ̀. Bó bá bàjẹ́, kurúùsì kò ní gbà kí a lò ó. Wọ́n pààrọ̀ súwíìṣì náà, ó parí. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan kan lára owó ọpọlọ mọ́tò.

Kí ẹ tó náwó, ẹ ṣe báyìí:

Èkínní, ẹ rí i pé eré tó. Ọ̀pọ̀ kurúùsì kì í dáhùn bí eré kò bá tó nǹkan bí 40 kìlómítà ní wákàtí kan.

Èkejì, ẹ ní kí ẹnì kan wo iná ẹ̀yìn bí ẹ ti ń tẹ búréèkì. Ẹ yẹ fíùsì àti gílóòbù wò, lẹ́yìn náà súwíìṣì. Mọ́tò tó bá ní kílọ́ọ̀ṣì lè ní súwíìṣì níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, bí họ́ọ̀nù náà bá dákẹ́, tí iná áábáàgì sì ń tàn, ẹ fura sí wáyà inú sítíárì. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò mọṣẹ́ tú u, áábáàgì lè bẹ́ lù ú.

Ẹ̀kẹrin, bí iná ẹ́ńjìnnì tàbí ti ABS bá ń tàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ mọ́tò wò. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ń pa kurúùsì fúnra wọn títí a ó fi tún wọn ṣe.

Láìsí kurúùsì, a ó dé ọjà. Láìsí iná búréèkì, a lè má dé ilé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí ẹ tó gbéra ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ tẹ búréèkì, kí ẹnì kan wo ẹ̀yìn bá yín. Ajé á wá o.