Gbígbé Ọkọ̀ Ojú Omi Láti Ẹ̀pẹ́ Dé Àgbádárìgì: Ètò Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Kí Ẹ Tó Gbéra

Ọ̀sà àti odò gba ibi tí ó tó ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún Ìpínlẹ̀ Èkó. Nítorí náà, kì í ṣe ohun àjèjì láàárín wa pé kí ènìyàn ra ọkọ̀ ojú omi tuntun ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí iṣẹ́ ẹja pípa rẹ̀ wà ní Àgbádárìgì. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀. Ó lè gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù kí ó gba títì. Ó sì lè wà á gba ojú omi. Ẹni tí ó bá yan ojú omi ni àlàyé yìí wà fún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fi gígùn ọ̀nà nìkan ṣe ètò irú ìrìn-àjò yìí. Wọn a béèrè iye kìlómítà, wọn a ra epo, wọn a sì gbéra. Àwa ń rọ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun mẹ́ta: níbo ni omi kò ti jìn, níbo ni afárá ti rẹlẹ̀, níbo sì ni ìgbì ti máa ń le? Ibi mẹ́ta wọ̀nyí ni ó ń pinnu ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra, wákàtí tí yóò kọjá, àti bóyá ó tilẹ̀ lè kọjá rárá.

Bí ọ̀nà náà ti rí

Láti Ẹ̀pẹ́ dé àárín gbùngbùn Èkó lé ní kìlómítà 65. Láti ibẹ̀ dé Àgbádárìgì tún lé ní kìlómítà 55. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lé ní kìlómítà 120.

Tí ẹ bá kúrò ní Ẹ̀pẹ́ tí ẹ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, omi kò fẹ̀ púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ó kọjá lẹ́bàá Èjìnrìn, ìlú tí ọjà rẹ̀ lókìkí gidigidi kí títì àti rélùwéè tó gba òwò lọ́wọ́ omi. Níbẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ọkọ̀ àwọn ará Èkó. Ọ̀nà àtayébáyé ni ọ̀nà yìí, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sì ṣì wà ní àwọn ìlú etí omi.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó já sí Ọ̀sà Èkó. Ó gùn ju kìlómítà 50 lọ, ìbú rẹ̀ sì tó kìlómítà 13 níbi tí ó ti fẹ̀ jù. Ní òpin rẹ̀ ni afárá Third Mainland wà, lẹ́yìn náà afárá Carter àti afárá Èkó, kí ẹ tó bọ́ sí èbúté tí àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá ń gbà wọlé. Tí ẹ bá ti kọjá Àpápá, omi yóò tún padà di tóóró. Ipa omi tóóró yìí ni yóò mú yín gba Ọ̀jọ́ títí dé Àgbádárìgì.

Yíyan àsìkò

Kò sí oṣù tí kò ní ìṣòro tirẹ̀. Ní àsìkò òjò, omi odò Ògùn, Ọ̀ṣun àti Yewa máa ń ya wọ inú ọ̀sà. Omi á jìn sí i, ṣùgbọ́n á tún gbé ìtì igi àti pàǹtírí wá. Omi tí kò níyọ̀ yìí náà ni ó ń mú kí ewé ojú omi tí ó jọ òjúoró, tí ó sì ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, gbilẹ̀ káàkiri. Ewé àlejò ni. Láti ìhà Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin ni ó ti gba omi Àgbádárìgì wọlé ní nǹkan bí ọdún 1984. Tí ó bá bo ojú omi, ó lè wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kí ó sì dá ọkọ̀ dúró pátápátá.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ láti inú òkun máa ń pa ewé yìí ní apá tí ó súnmọ́ èbúté. Ṣùgbọ́n omi á fà ní àwọn ibi tí kò jìn, kùrukùru ọyẹ́ sì lè bo ojú ọ̀nà ní òwúrọ̀. Ìjì òjijì náà sì wọ́pọ̀ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọjọ́ kan ṣoṣo há ara yín mọ́. Ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún ètò yín, kí ẹ lè dúró bí ojú ọjọ́ kò bá dára. Ẹni tí ó ti ṣèlérí fún oníbàárà pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dé lọ́la ni ó máa ń wọ inú ìjì pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ìṣirò wákàtí àti epo

Ẹ kọ́kọ́ dán ọkọ̀ náà wò fún wákàtí kan ní Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú irú ẹrù àti iye ènìyàn tí yóò gbé. Ẹ kọ iye kìlómítà tí ó rìn àti iye epo tí ó jó sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbára lé ohun tí ẹni tí ó tà á sọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Bí ọkọ̀ bá ń rin kìlómítà 12 ní wákàtí kan, tí ó sì ń jó epo lítà 15, kìlómítà 120 yóò gba wákàtí 10 àti epo lítà 150. Ẹ wá fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan kún un nítorí ìgbì, afẹ́fẹ́ àti àṣìnà. Epo á di lítà 200, wákàtí á sì lé ní 13. Ojúmọmọ tiwa kò ju bíi wákàtí 12 lọ. Èyí fi hàn kedere pé ìrìn-àjò ọjọ́ méjì ni: Ẹ̀pẹ́ sí Èkó ní ọjọ́ kìíní, Èkó sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ kejì. Ẹ lè ra epo tí ó kù ní Èkó, kí ẹ má baà kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má ṣe rìn lóru. Àwọ̀n apẹja, ìgèrè, igi tí a rì mọ́lẹ̀ fún ẹja àti ọkọ̀ àwọn tí ń wa yanrìn kì í sábà ní iná.

Ọ̀sà fífẹ̀, afárá àti èbúté

Afẹ́fẹ́ òkun máa ń le sí i ní ọ̀sán, ìgbì a sì ru sókè níbi tí ọ̀sà ti fẹ̀. Ẹ kúrò ní Ẹ̀pẹ́ ní kùtùkùtù, ní kété tí ojú bá ti mọ́ kedere, kí ẹ sì máa rìn lẹ́bàá etí omi bí ó bá ṣeé ṣe, dípò kí ẹ dá àárín ọ̀sà kọjá.

Ní ti afárá, ẹ wọn ọkọ̀ yín láti ojú omi dé ibi tí ó ga jù lórí rẹ̀, pàápàá bí ó bá ní òrùlé. Omi òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì méjì lójúmọ́. Bí ó bá kún, àlàfo abẹ́ afárá a dín kù; bí ó bá fà, iyanrìn a súnmọ́ ìdí ọkọ̀. Ìṣàn omi sì máa ń le gan-an lábẹ́ afárá àti ní èbúté. Ẹ béèrè wákàtí tí omi yóò rọlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ àdúgbò, kí ẹ sì yàgò pátápátá fún ọkọ̀ òkun, nítorí kò lè tètè dúró, kò sì lè tètè yà.

A gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gba awakọ̀ tí ó mọ apá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó mọ omi Ẹ̀pẹ́ bí ẹní mowó lè má mọ ti Àgbádárìgì.

Ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀

- Ẹ̀wù ìdóòlà ẹ̀mí tí ń mú ènìyàn léfòó, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ó wà lọ́rùn, kì í ṣe lábẹ́ ìjókòó.
- Ìdákọ̀ró, okùn gígùn, àjẹ̀ àti ọ̀pá ìtukọ̀.
- Korobá tí a ó fi gbọ́n omi, tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti ohun èlò ìpaná.
- Pílọ́ọ̀gì mìíràn àti irin iṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, àti ọ̀bẹ tí a ó fi gé ewé tàbí àwọ̀n.
- Omi mímu, àti fóònù tí a wé sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀.
- Ìwé ẹ̀rí rírà ọkọ̀ àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ kàn sí LASWA, àjọ tí ó ń mójú tó ọ̀nà omi ní ìpínlẹ̀ wa, àti NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀, kí ẹ tó gbéra, láti mọ ìwé tí ó yẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá Àgbádárìgì lọ sí Àjàṣẹ́, ẹnubodè orílẹ̀-èdè ni ẹ fẹ́ rékọjá, ìwé aṣọ́bodè àti ìwé ìrìnnà sì di dandan.

Ẹni tí ó dúró sórí ilẹ̀

Ohun tí ó kẹ́yìn yìí kò náni ní kọ́bọ̀, òun sì ni a máa ń gbàgbé jù. Ẹ kọ àwọ̀ ọkọ̀, iye àwọn tí ó wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà fóònù wọn, ibi tí ẹ ó ti dúró àti wákàtí tí ẹ ó dé ibẹ̀ sínú ìwé kan. Ẹ fi í fún ẹnì kan tí ó ṣeé gbára lé nílé. Ẹ pè é ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì jọ fẹnu kò pé bí wákàtí méjì bá kọjá lórí àkókò tí ẹ dá, tí kò sì gbúròó yín, kí ó pe 112 tàbí 767 láìfi falẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín ọ̀sà, ìwé yìí ni yóò sọ ibi tí àwọn olùdóòlà yóò ti wá yín.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo ìṣirò yìí tán, tí ẹ sì rí i pé afárá rẹlẹ̀ jù tàbí pé ọkọ̀ kéré jù fún ìgbì ọ̀sà, ẹ gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọkọ̀ tí ó pẹ́ ní ọjọ́ méjì kó tó gúnlẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́ fún olówó rẹ̀ ní ogún ọdún.